Ẹyẹ Òkun, Akika àti Orí Ẹni

Ní Gowon Estate níbí, l'Èkó, ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri: ṣé kí n lọ òkè òkun ni, àbí kí n dúró sí Alimosho? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà àti èyí tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Egbeda ń wo ara wọn, oníkálukú rò pé ti ẹnìkejì ló dára.

Nínú Odù Ifá tí à ń pè ní Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn-àjò jíjìn kọjá òkun láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n rokà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, òun a padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ṣe, títí ó fi ku Orí nìkan, òun ló lè bá olùsìn rẹ̀ lọ láì padà. Ibi oúnjẹ yẹn ni kí á dúró sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń báni sáré físà, bí wọ́n bá ti yó, ilé wọn ni wọ́n ń padà sí.

Àwọn kan gbọ́ ẹsẹ yìí bí ẹni pé ìrìn-àjò ló ń yìn. N kò gbà. Ẹ wo ẹ̀dá méjì, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń jókòó. Ẹyẹ òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Arctic tern. Kò wúwo ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, síbẹ̀ ọdọọdún ló ń ti ìpẹ̀kun àríwá ayé fò dé ìpẹ̀kun gúúsù, tó sì ń padà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ìrìn náà lé ní 70,000 kìlómítà lọ́dún. Nítòsí Cape Verde, ọ̀nà wọn a pín: àwọn kan a tọ etí òkun Áfíríkà wa, àwọn mìíràn a dá òkun kọjá sí Bràsíìlì. Gbogbo wọn ló ń dé gúúsù.

Ní ti akika, ẹran orí igi tí ìpẹ́ bò lára, kì í kúrò nígbó. Ìrù ló fi ń dì mọ́ ẹ̀ka, èèrà àti ikán ló ń jẹ. Bí ewu bá dé, a ká ara rẹ̀ jọ sínú ìpẹ́. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ ẹkùn ló fi í lé ọmọ aráyé lọ́wọ́: ọdẹ a kàn bẹ̀rẹ̀, a gbé e sápò. Ní oṣù kẹrin 2019, àwọn aṣọ́bodè Singapore gba ìpẹ́ akika tọ́ọ̀nù 12.9 tó ti Nàìjíríà wá, tó ń lọ sí Vietnam. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ síwèé pé ẹran màlúù dídì ni. Ẹ̀dá tó jókòó sílé, òkú rẹ̀ ló kọjá òkun.

Lílọ kì í ṣe ire fúnra rẹ̀, jíjókòó náà kò sì gbani; orí tó ń báni lọ ló ṣe kókó. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ta ilẹ̀ Ìpájà nítorí físà, ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ orí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí orí náà bá sọ.