Ìgbàgbọ́ àti Sójà Tó Ti Ogun Dé

Ní Amẹ́ríkà, àwọn sójà tó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ tí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn ní ọdún 2022 lé ní 6,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ojú ogun. Àwọn kan á ní, bí wọ́n bá mọ Ọlọ́run ni, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ilé ìjọsìn déédéé ní àwọn tí yóò béèrè rẹ̀ bí wọn kò bá rí i. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń jẹ sójà lọ́kàn. Jonathan Shay, dókítà tó tọ́jú àwọn tó ja ogun Vietnam, kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló bá wọn délé. Ẹ̀rí-ọkàn wọn ló gbọgbẹ́. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n fọkàn tán ti da àwọn kan. Àwọn mìíràn ṣe ohun tí wọn kò lè sọ fún ìyàwó wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń fìyà jẹ òun, tàbí pé Ó ti kọ òun sílẹ̀, ìgbàgbọ́ yẹn gan-an lè máa tì í lọ sí etí kòtò. Àwọn olùwádìí ti rí èyí láàárín àwọn sójà náà.

Àwa Yorùbá ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo mọ̀ pé ìwà ìtìjú ni àwọn àgbà fẹ́ kí a sá fún. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ sí etí ẹni tí ìtìjú ti bá ná, ìdájọ́ ikú ni yóò gbọ́. Bákan náà ni ìwàásù pé ọ̀run àpáàdì ni ẹni tó pa ara rẹ̀ ń lọ. Ó lè dá ẹnìkan dúró, n kò jiyàn. Ó sì lè pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ta ni yóò sọ irú èrò bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ tó ti dájọ́ tán?

Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n kọ́ fún àwọn sójà wọ̀nyí, àlùfáà àti dókítà jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Àlùfáà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sọ fún sójà pé ohun tó ṣe kò burú, nítorí sójà mọ̀ pé ó burú. Kò sì ní sọ pé ó ti parí fún un. Yóò gbọ́ ọ títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Bí sójà náà kò bá wá gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ ńkọ́? Ní tèmi, kí àlùfáà ṣì jókòó tì í.