Eyín Adìẹ àti Ìdíwọ̀n Ìlera Ẹnu Arúgbó

Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Ìdérègbè tí ó léyín, ṣé irin ni ó ń jẹ? Ìtẹ́lọ́rùn ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n ó bá ètò 8020 wí pẹ̀lú, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Jàpáàn àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 kí ẹni ọgọ́rin ọdún lè ṣì ní ogún eyín tirẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, ó lé ní ìdajì àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó ní iye eyín náà. Àṣeyọrí ńlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlọ́ráìdì, ìyẹn èròjà tí ń mú eyín le, gbilẹ̀ láàárín àkókò kan náà, tí kò fi rọrùn láti ya ipa ètò náà sọ́tọ̀. Síbẹ̀, arúgbó lè ní ogún eyín kí oògùn tí ó ń lò mú itọ́ rẹ̀ gbẹ, kí ahọ́n rẹ̀ má sì lè darí òkèlè mọ́, nígbà tí ẹlòmíràn tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bá erìgì mu ń jẹun ní àjẹyó; ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fi ń yẹ agbára ìjẹun àti ìgbémì wò báyìí.