Gbèsè Àlejò nínú Ìjà Ilẹ̀ Indonéṣíà

Bí àlejò bá kọ́ onílé ní ìjà, tí onílé sì fi ìjà náà gbayì, ǹjẹ́ ó tọ́ kí onílé pa orúkọ àlejò rẹ́? Ìbéèrè yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ronú nípa pencak silat, ìjà ìbílẹ̀ ilẹ̀ Indonéṣíà, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní ọdún 2019.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà ti ń wọ àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Bí wọ́n ti kó ọjà wá ni wọ́n mú ìjà wọn dání. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Kuntao ni a ń pe ìjà àwọn ará Ṣáínà níbẹ̀. Inú èdè Hokkien ni orúkọ náà ti wá, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ní agbègbè Tangerang, nítòsí Jakarta, àwọn oníbeksi a máa tọpa ìran olùkọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ Lie Tjeng Hok, ọmọ Ṣáínà. Síbẹ̀, àwọn Betawi, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ni wọ́n ń pe beksi ní ogún wọn lónìí. Ní Bogor, Subur Rahardja, tí orúkọ Ṣáínà rẹ̀ ń jẹ́ Lim Sin Tjoei, dá ẹgbẹ́ Bangau Putih sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ó pa ìmọ̀ ìran méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, ìjọba Soeharto pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ṣáínà má ṣe ṣe àjọ̀dún ìbílẹ̀ wọn ní gbangba mọ́. Ọdún 2000 ni Ààrẹ Abdurrahman Wahid tó fagi lé àṣẹ náà. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọdé lè kọ́ ìdúró ìjà tí ó ti ọ̀dọ̀ ará Ṣáínà wá, kí ó má sì rí àjọ̀dún ẹni náà ní ìgboro.

Àwọn kan yóò ní Ṣáínà ni ó ni gbogbo rẹ̀. Èyí náà kò tọ́. Àwọn Minangkabau ní silek tiwọn, pẹ̀lú ìdúró àti ẹ̀kọ́ tí ó bá ilẹ̀ wọn mu. Ẹni tí ó fún wa ní ebù kan kọ́ ni ó ni gbogbo oko. Ẹni tí ó roko, tí ó làágùn, oko rẹ̀ ni.

Èrò tèmi ni pé níní oko kò pa gbèsè ebù rẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn jàndùkú ba ilé àti ìsọ̀ àwọn ọmọ Ṣáínà jẹ́ ní Jakarta. N kò sọ pé ìgbàgbé orúkọ nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ka oore rẹ̀ sí, kì í pẹ́ di àjèjì lójú ẹni tí ó ń jẹ oore náà. Nítorí náà, kí olùkọ́ silat tó kọ́ ọmọ ní ìdúró, ó yẹ kí ó kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo ẹni tí ìdúró náà gba ọwọ́ wọn kọjá.