Ìlà Tí A Fà àti Ọwọ́ Tí Ń Gé

Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti ń jókòó sábẹ́ igi odán sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni àríyànjiyàn ti wà lórí àyànmọ́: ṣé ohun tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ yàn lọ́run ni yóò bá a dé sàréè láìyẹ̀, bó ti wù kí ó ṣe làálàá tó, àbí ọwọ́ ẹni ní ipa tirẹ̀ nínú bí ọjọ́ ayé ẹni yóò ti rí? Àwọn kan a ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Àwọn kan a dá wọn lóhùn pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn àgbà kan náà ni òwe méjèèjì ti jáde. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, kò pa àríyànjiyàn náà, nítorí àwọn aáfà ń kọ́ wa pé a ti kọ gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tàdáwà tí a fi kọ ọ́ sì ti gbẹ, síbẹ̀ wọn kò yé kìlọ̀ fún wa pé a ó jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ wa. Èmi kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere tó bí ó ti hàn ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Maourey, àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, ní bèbè Odò Ọya, níbi tí ọmọkùnrin Yorùbá kan, tí òwò gbé àwọn òbí rẹ̀ dé ibẹ̀, ti ń kọ́ bí a ti ń fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé àrà sára pákó.

Ayùn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a fi ń la gẹdú. Abẹ rẹ̀ tín-ín-rín, agbára káká sì ni ojú fi ń rí eyín rẹ̀. A nà án ṣánṣán láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi ìka ta á, yóò dún gooro. Nígbà tí iná bá wọ ẹ̀rọ, abẹ a máa lọ sókè, a máa bọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kúrò lójú kan; pákó ni ọwọ́ ọmọṣẹ́ ń tì, pákó ni ó ń yí. Ẹni tí yóò bá yọ àlàfo sí àárín iṣẹ́, irú bí inú lẹ́tà orúkọ Ọlọ́run tí àwọn Mùsùlùmí ń gbé kọ́ sára ògiri, yóò kọ́kọ́ lu ojú kékeré kan síbẹ̀, yóò tú orí abẹ, yóò kì í bọ inú ojú náà, yóò tún dè é, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà iṣẹ́ ni a sì ti fi pẹ́ńsùlù fà sórí pákó kí iná tó wọ ẹ̀rọ rárá.

Ohun tí ń da ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láàmú ni pé abẹ kì í lọ tààrà. Láti ibi tí a ti ṣe irin náà ni a ti fi ẹ̀gbẹ́ kan eyín rẹ̀ sílẹ̀ kí ó mú ju èkejì lọ, nítorí náà a máa fà sí ọ̀tún, ẹni tí ó bá sì ti pákó sí i gbọnrangandan yóò rí i pé ó yà kúrò lórí ìlà. Ọmọ náà fi agbára dá a padà, abẹ kán. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà kán. Ó wá jókòó sórí ìtí igi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, bóyá iṣẹ́ yìí kò sí nínú kádàrá mi ni.” Ọ̀gá rẹ̀, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi í pé, “Ta ni ó di pákó náà mú?” Ó sì fi hàn án bí a ti ń fi orí pákó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí yíyà abẹ lè bá ìlà mu, ó fi hàn án pẹ̀lú pé ìta ìlà, lápá ibi tí a ó jù nù, ni kí abẹ máa rìn, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́kù síta, sáńpépà lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé wọnú, kò sí ẹ̀dá tí ó lè dá a padà. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọmọ náà fẹ̀sọ̀ gé e, ó sì yọ.

Ìlà wà lóòótọ́, ọmọ náà kọ́ ni ó sì fà á. Abẹ ní àbùdá tirẹ̀, kò sì sí àdúrà tí yóò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ìlà kò gé ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Ògún Lákáayé ti fi irin lanà. Àwọn tí ń di ẹ̀bi ìwà wọn ru àyànmọ́ ti gbàgbé bí ìtàn tí wọ́n gbójú lé ti lọ gan-an. Nígbà tí Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ní sùúrù dúró de Àjàlá. Orí tí ó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, òjò sì pa á, ó sì jẹ lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́ dúró, ó bá Àjàlá san gbèsè tí kò jẹ́ kí ó rójú, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin gbá orí wò kí ó tó yan èyí tí ó le fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, àní lọ́run pàápàá, níbi tí wọ́n ní a ti parí ohun gbogbo, sùúrù ti ṣíwájú orí, inúure sì ti bá yíyàn rìn. Ọmọ Ògún wà lára àwọn tí ó kùnà, bẹ́ẹ̀ baba rẹ̀ ni ó ni irin.

Bákan náà ni ti Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó papò dà ní 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí, Ọlọ́nàdé sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí a bá fa ìlà sílẹ̀ de ọmọ kan rí, tirẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ Bándélé ọmọ Areògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó láàárín 1947 sí 1954, Mùsùlùmí lábẹ́ òrùlé Ìjọ Àgùdà, kí irin tó gbọ́ràn sí i lọ́wọ́.

Àwọn kan ní Maourey, nígbà tí mo sọ èyí, fi igi Ténéré dá mi lóhùn, ìbéèrè wọn sì lágbára. Igi akasíà kan ṣoṣo ni ó dá dúró ní aṣálẹ̀ Ténéré, tí àwọn oníràkúnmí tí ń kó iyọ̀ Bilma wá sí Agadez fi ń mọ ọ̀nà. Nígbà tí a gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín 1938 sí 1939, a rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju 30 mítà lọ kí ó tó kan omi. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan gbá a wó, níbi tí kò sí igi mìíràn tí ènìyàn lè kọlù. Òkú igi náà ni a gbé wá sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Niamey tí a ṣí ní 1959. Wọ́n ní, bí èyí kì í bá ṣe àyànmọ́, kí ni à ń pè é?

Èmi kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú igi náà dúró di ọdún yẹn? Àìmọye ràkúnmí ni ó kọjá lára rẹ̀, àwọn tí ń dà wọ́n kò sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ run; òtútù òru aṣálẹ̀ mú àwọn èrò, wọn kò gé ẹ̀ka rẹ̀ dáná. Ìran dé ìran ni ọwọ́ ènìyàn fi kọ̀ láti ṣe é níbi, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní kádàrá. Èéṣe tí a ó fi wá pe wíwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà ní ojú, ó ní ọwọ́, aṣálẹ̀ sì fẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá káfíńtà Maourey yóò bá gbà mí láyè, kí ọmọ tuntun tó fọwọ́ kan ayùn, kí wọ́n kọ́kọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ igi yẹn, kí wọ́n sì ròyìn gbogbo ọwọ́ tí ó dá a sí fún un, kí wọ́n tó dárúkọ ọwọ́ kan tí ó wó o.