Ta Ló Pa Ẹ́ńjìnnì?

Kí ọkọ̀ kú mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ láàrin Ìlaròó àti Ìlóbì kì í ṣe ìròyìn. Àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á ṣẹ́ ewé tútù, á tò ó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹni tó ń sáré bọ̀ má baà kọ lù wọ́n. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, fẹ́ kí awakọ̀ máa gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sínú búùtù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ni ojú mọ̀ jù, kò sì sí awakọ̀ Yewa tó máa rí ewé tútù lórí ọ̀dà tí kò ní tẹ búréèkì.

Lẹ́yìn ewé ló kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti ṣí i, olúkúlùkù ti ní èsì tirẹ̀ lẹ́nu. Màmá tó jókòó síwájú á ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Àlùfáà tó ń ti Ayétòrò bọ̀ á fa tẹ̀súbáà rẹ̀ yọ. Ọmọ pólì Ìlaròó á ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ plọ́ọ̀gì wò.” Ẹnìkan á sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ro ọ̀rọ̀ tí òun àti orogún ìyá òun jọ sọ láàárọ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn: ta ló pa ẹ́ńjìnnì? Dẹ́rẹ́bà tó mú sípánà lọ́wọ́ nìkan ni kò lè fi ẹnu lásán dáhùn.

Ìbéèrè náà kò kéré ní agbègbè yìí. Ìlóbì, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ìtàn ń pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ará Kétu, tí ìlú wọn ti bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin, ní àwọn làwọn ni ín. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Nítorí àwọn ìyá wa ni wọ́n ṣe ń jó o, àwọn tí agbára wọn lè mú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn gbè, tó sì lè dojú rẹ̀ rú. Ẹni tó bá wo àwọn igi tí wọ́n ń gbé lérí níbẹ̀ dáadáa yóò rí i pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kò fi mọ sórí ẹyẹ àti ejò. Wọ́n gbẹ́ alùpùpù. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Irin òyìnbó ti wọ inú ohun tí a ń tọrọ àlàáfíà lé lórí tipẹ́tipẹ́.

Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó kú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti ọkọ̀ èrò, kì í sì í ṣe ti Yewa. Róólà ni, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọdún 1928 ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 kan, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ń wa róólà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìtàn ìjọ Christ Apostolic Church sọ pé láti òru ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ni oorun ti dá lójú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ni ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójijì. Ó yẹ ibí wò, ó yẹ ọ̀hún wò, kò rí àbùkù kankan. Ibi tó ti dúró tí ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú ni ohùn kan ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó lọ máa wàásù.

Ó fi í sílẹ̀. Ní oṣù keje 1930, ìsọjí Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èrò sì ń wọ́ tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú. Ó kú ní Ẹdẹ ní 1959. Nígbà tí ìjọ náà dá yunifásítì sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 2006, Ìkéjì-Arákejì gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá ohun kan nínú ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Babalọlá ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó dé ìdí róólà. Ó mọ iná, ó mọ ọwọ́ tí a fi ń lu irin. Bí ẹni tí kò mọ ibi tí a ti ń wọn ọ́ìlì bá ní òun kò rí àìsàn lára ẹ́ńjìnnì, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Ara rẹ̀ ló ń ròyìn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń fi irin jẹun bá ní òun wo irin, òun kò rí àbùkù, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wúwo nítorí pé ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò kó tó gbọ́ ohùn. Èyí kò fi hàn pé ọ̀run ni ohùn náà ti wá o. Kò sì fi hàn pé kò ti ibẹ̀ wá.

J. Olubi Ṣódípọ̀, tó di gíwá àkọ́kọ́ fún yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè, àti Barry Hallen ará Amẹ́ríkà ti ṣe wàhálà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní Ifẹ̀. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n ní kí wọ́n là á yé àwọn, kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè sọ pé òun mọ nǹkan? Ìwé tí wọ́n ti ibẹ̀ kọ jáde ní 1986. Èsì àwọn àgbà náà le ju ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ òyìnbó lọ: ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, tàbí tí o kà nínú ìwé, o kàn gbà á gbọ́ ni, títí dìgbà tí o bá dán an wò.

Ẹ gbé òfin yìí lọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì tó wà lórí fóònù tó ní “pọ́ǹpù epo ni” fún dẹ́rẹ́bà ní ohun tó lè gbà gbọ́. Ẹni tó ní àjẹ́ ni, ìgbàgbọ́ lòun náà fún un. Ẹni tó ní irin lásán ni, pé kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà ni, bó ti wù kó fẹjú tó. Dẹ́rẹ́bà tó tú páìpù epo níwájú, tó ní kí ọmọ ọkọ̀ ta stáàtà, tó sì rí i pé epo kò jáde, òun nìkan ló mọ nǹkan lórí ọ̀nà yẹn.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àtijọ́. Bí táǹkì bá ń jò, wọ́n á ra ọṣẹ ìfọṣọ lábúlé tó sún mọ́ wọn, wọ́n á fi ọwọ́ pò ó títí á fi rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà. Ọṣẹ tó ń yọ́ nínú omi kì í yọ́ nínú bẹntiróò, nítorí náà ọkọ̀ á délé. Ọ́ọ̀sì tó bẹ́, rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà ni wọ́n á fi dì í yíká.

Àìmọ̀ náà wà lójú ọ̀nà, ó sì máa ń bó ènìyàn lójú. Ìdérí rèdíétọ̀ ló ń sé omi mọ́ inú, tó fi jẹ́ pé omi yẹn lè gbóná dé bíi 120°C kó má tíì hó, nígbà tó jẹ́ pé ní 100 ni omi inú ìkòkò ti ń hó. Ẹni tó bá dá àkísà lé e tó sì ṣí i lójijì ti tú ohun tí wọ́n dè sílẹ̀. Omi tó dákẹ́ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á fò mọ́ ọn lójú. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Tàbí kí á má parọ́: bí àjẹ́ bá wà níbẹ̀, àìní sùúrù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ ti mọ̀ pé iṣẹ́ lè bàjẹ́ láìsí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962. Àwọn òrìṣà ń bọ̀ wáyé, igbó dí ọ̀nà mọ́ wọn. Òrìṣà-ńlá yọ àdá tirẹ̀. Òjé ni, ló bá ká. Ògún ló fi irin la ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọwọ́ Òrìṣà-ńlá kò mọ́, tàbí pé ẹbọ rẹ̀ kò dà. Irinṣẹ́ tó mú kò bá iṣẹ́ mu, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti fi sípánà 13 tú nọ́ọ̀tì 12 rí, tó sì bó orí nọ́ọ̀tì náà, mọ ohun tó ṣe Òrìṣà-ńlá.

Màmá tó pe ẹ̀jẹ̀ Jésù ńkọ́? Kò yẹ kí á fi í ṣẹ̀sín. E. E. Evans-Pritchard, òyìnbó tó gbé láàrin àwọn Azande ní Sudan, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1937. Àká kan wó lu àwọn tó jókòó sí ibòji rẹ̀. Àwọn Azande mọ̀ pé ikán ti jẹ òpó rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá ikán du ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bi ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí, ní wákàtí yẹn gan-an? Màmá kò bá ọmọ pólì jà. Plọ́ọ̀gì ti kú, ó gbà. Kí ló dé tó jẹ́ òní tí òun ń lọ síbi ìsìnkú? Sípánà kò lè tú ìyẹn. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n bá fi èsì ìbéèrè kejì dí ẹnu ti àkọ́kọ́, tí gbogbo èrò dìde àdúrà, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo omi.

Lẹ́bàá bodè, ìdí tún wà tí ìbéèrè kejì fi ń dùn ún bi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni wọ́n, Kutọnú ni wọ́n ti gúnlẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní 2017, wọ́n ti bodè pa fún ìgbà kan ní oṣù kẹjọ 2019, síbẹ̀ tòkunbọ̀ kò tán lójú títì. Ẹni tó ra irú rẹ̀ kò mọ̀ bóyá àgbàrá ti gbé e rí ní Amẹ́ríkà, tàbí ó ti dojú dé rí ní Jámánì. Àwọn kan sì máa ń yí mítà rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Bí irú ọkọ̀ yìí bá wá kú, tí onítọ̀hún ní aráyé ló ṣe òun, ta ló máa bá a jiyàn? Aráyé ni lóòótọ́, àwọn aráyé tó yí mítà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn Babalọlá wàásù ní kòtò kan níwájú. Bó bá jẹ́ ibi tí mẹkáníìkì kò mọ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń gbé, ilé Rẹ̀ á máa kéré sí i bí kọ̀ǹpútà tí rewáyà fi ń yẹ ọkọ̀ wò bá ṣe ń gbọ́n sí i. Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ Jámánì tí ìjọba Hitler so kọ́ ní 1945, kọ ọ́ láti inú ẹ̀wọ̀n ní 1944 pé òun kò fẹ́ Ọlọ́run tí a kàn fi ń dí àlàfo ìmọ̀ wa. Àwọn awakọ̀ tó ń pa ajá fún Ògún kò ní ìṣòro yìí rárá: Ògún wà nínú irin tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà nínú èyí tó kọ̀. Àlùfáà inú ọkọ̀ náà ní ohun tó lè dì mú. Nínú hadith tí Tirmidhi gbà sílẹ̀, ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́run. Ó ní kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́run. Àlùfáà lè bá dẹ́rẹ́bà tan tọ́ọ̀ṣì, tẹ̀súbáà rẹ̀ kò ní já.

Ó ku ọ̀rọ̀ róólà. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá Babalọlá rọ̀ ọ́ pé kó má fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń bá òyìnbó yẹn ro tirẹ̀. Lójú rẹ̀, nǹkan méjì ló wà nílẹ̀: awakọ̀ kan tó ní òun gbọ́ ohùn, àti irin ńlá kan tó dúró lójú ọ̀nà tí ìjọba ń retí. Èyí àkọ́kọ́ kọjá agbára rẹ̀. Ní ti èkejì, ì báà gbà pé Ọlọ́run ló dá a dúró, ì báà má gbà, ó ṣì ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò dá iná sí i, tí yóò yẹ páìpù àti omi rẹ̀ wò, kí iṣẹ́ ọ̀nà Àkúrẹ́ tó lè tẹ̀síwájú.