Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Ìgbà Wo Ni A Lè Sọ Pé A Mọ Ìdí Ọ̀rọ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Terminale máa ń kà sí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán: ìgbà wo ni ènìyàn lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun mọ ohun tó fa ohun mìíràn? Èmi náà kà á sí bẹ́ẹ̀ rí, títí ọkọ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lójú ọ̀nà Badou.

Ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì náà máa ń ṣiṣẹ́ geere. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kúrò ní Atakpamé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí ooru sì mú un, yóò máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ yóò dínkù, yóò sì kú. Bí mo bá dúró lábẹ́ igi fún nǹkan bí wákàtí kan, yóò tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e tọ̀ lọ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. Ó ní: “Prof, bougie ni.” A pààrọ̀ bougie, ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún ní epo inú ìgò tí mò ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ló ba asẹ́ epo jẹ́. A pààrọ̀ asẹ́, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó kan ẹ̀rọ tí ń fa epo. Ìgbà mẹ́ta ni mo sanwó, ìgbà mẹ́ta ni ó fi mí lọ́kàn balẹ̀, ìgbà mẹ́ta náà ni ọkọ̀ dá mi dúró lórí òkè.

Èmi kò pe ọkùnrin náà ní olè. Ohun tó tàn mí jẹ ló tan òun náà jẹ. Bí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń tutù. Àrùn tó bá ooru wá sì ń bá ooru lọ. Ohunkóhun tí a bá pààrọ̀ ní àkókò náà ni yóò gba ìyìn. Bí ó bá jẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni, òun náà ni à bá dúpẹ́ fún. Pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò fi hàn pé òmíràn náà ló bí i.

Ẹnì kejì tí mo tọ̀ lọ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní: “Prof, ẹ má bínú, mi ò tíì mọ ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a gbé e gun òkè, kó fi àrùn rẹ̀ hàn wá.” Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní valise kàn án, àmì P0301 jáde. Ó ṣàlàyé fún mi pé àmì náà sọ pé sílíńdà kìíní kò jó epo rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí. Ó lè jẹ́ bougie, tàbí bobine tó ń fún un ní iná, tàbí injecteur tó ń fọ́n epo, tàbí kí sílíńdà fúnra rẹ̀ ti gbó. Ó yọ bobine sílíńdà kìíní, ó fi í sí orí èkejì, ó sì gbé ti èkejì sí ipò rẹ̀. Àmì náà di P0302: àìsàn ti bá bobine lọ. Mo rò pé ó ti parí. Ó tún dá wọn padà sí ààyè wọn. P0301 padà wá. Ìgbà náà ló tó ní kí n lọ ra bobine kan ṣoṣo.

Ní 1865, Claude Bernard, onímọ̀ ìṣègùn ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe ń fi ìdánwò wá òtítọ́ nínú ìṣègùn. Ó kọ́ wa pé kò tó pé ohun méjì ń rìn pọ̀. A gbọ́dọ̀ mú ohun tí a fura sí kúrò, kí a wò bóyá àbájáde rẹ̀ yóò lọ. Ohun tó pè ní contre-épreuve nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú ọwọ́ tí epo dúdú bò.

Ibi tí ojú ti tì mí nìyí. Nígbà tó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀, mo ná an. Mo ní: “Ṣebí ohun kan ṣoṣo lo pààrọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Prof, ẹ̀yin náà ń gbowó lórí ohun tí ẹ mọ̀.” Èmi tí mo sanwó ìméfò lẹ́ẹ̀mẹta láì janpata, mo ń ná owó ìmọ̀! Àwa fúnra wa la ń sọ mẹkáníìkì di ẹni tí ń méfò: a ń sanwó irin, a kì í sanwó ìrònú, a sì ń ka ẹni tó bá sọ pé “mi ò tíì mọ̀” sí òpè.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ọmọ bá kú lójijì, tí ẹnu sì yá láti dárúkọ ìyá arúgbó kan, kò sí bobine kankan níbẹ̀ tí a lè yọ wò. Ènìyàn ni a ti dá lẹ́bi. Mi ò sì ní láti lọ jìnnà. Mo ti kọ “ọ̀lẹ” sínú bulletin akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, mo ní kó kúrò lẹ́yìn, kó wá jókòó níwájú. Lọ́jọ́ náà, ó da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà.

Bulletin méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó dárúkọ ohun tó fa ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń sọ pé a kò tíì mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, kí a fún un ní àkókò, kí a sì san owó rẹ̀.