Ta Ló Wà Lábẹ́ Ẹ̀kú?

"Ojú lọ̀rọ̀ wà." Ohun tí mo sọ fún màmá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, mo sì rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀.

Ó ti kọjá aago mẹ́sàn-án. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń pariwo, màmá mi sì jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn láìtẹ ohunkóhun. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì kan. Jọ́nà kan láti òkè òkun ti fi iṣẹ́ ìwádìí kan ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tó wà lórí iṣẹ́ náà jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà ń bọ̀wọ̀ fún. Irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn yunifásítì máa ń kó ìwé olùkọ́ ránṣẹ́ sí nígbà tí olùkọ́ náà bá ń retí ìgbéga. Màmá mi ti kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà náà pé àwọn mọ ẹni náà. Olóòtú ní ìyẹn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìṣòro sì wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ńbà inú tábìlì kan kò bá ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ní ìparí mu. Òfin jọ́nà náà ni pé bí iṣẹ́ bá jáde, gbogbo ohun tí àwọn olùyẹ̀wò kọ nípa rẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Olùyẹ̀wò tó bá fẹ́ lè fi orúkọ rẹ̀ sí i. Èyí tí kò bá fẹ́, wọn kò ní fipá mú un.

Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Mo ní ẹni tí òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ kì í fi ojú pamọ́. Màmá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni." Wọ́n ní kí n lọ sùn.

N kò tètè sùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo rántí lẹ́tà kan tí àwọn fúnra wọn gbà rí. Wọ́n ti fi iṣẹ́ tiwọn ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, wọ́n dúró fún oṣù mẹ́jọ, ìlà mẹ́ta péré ni èsì tó dé. Olùyẹ̀wò náà ní gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán mọ́rán, ó ní kò dá òun lójú pé ẹnikẹ́ni yóò nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ ohun tó burú nínú ìwádìí. Kò sí orúkọ, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ẹni tó mọ̀ pé aráyé yóò ka ọ̀rọ̀ òun kò jẹ́ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ẹnì kan bá ṣe ìwádìí, olóòtú jọ́nà á fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dunjú. Wọ́n á sọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó, olóòtú á sì pinnu bóyá òun yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó kọ iṣẹ́ kì í mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fẹ́ dà bí WAEC, níbi tí a kì í ti mọ ẹni tó máàkì ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì ìwé wa kò mọ̀ wá, nọ́ńbà ló rí. Olùyẹ̀wò jọ́nà sábà máa ń mọ ẹni tí òun ń yẹ̀ wò. Ọ̀kan ń ríran, èkejì di ojú.

Ìtàn kan ló kọ́kọ́ mi ìgboyà mi. Ní 1936, Albert Einstein àti Nathan Rosen fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbì òòfà, ìyẹn ìgbì tí àwọn ohun ńláńlá ojú ọ̀run ń fà bí wọ́n bá ń yí. Olóòtú fi iṣẹ́ náà han olùyẹ̀wò kan, olùyẹ̀wò náà sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein pé wọ́n fi iṣẹ́ òun han ẹlòmíràn, ó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí ó yá, ó tún ìparí rẹ̀ ṣe, ó sì gbé e jáde nínú jọ́nà mìíràn ní 1937. Ọdún 2005 ni aráyé tó mọ̀ dájú pé Howard Percy Robertson ni olùyẹ̀wò náà. Ẹni ọdún 33 ni nígbà náà. Einstein jẹ́ 57, òkìkí rẹ̀ sì ti kárí ayé. Ní 2015, ẹ̀rọ àwọn onímọ̀ gbọ́ ìgbì náà. Bí wọ́n bá ní kí Robertson fọwọ́ sí i, ǹjẹ́ ìbá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́? Èmi kò lè búra.

Mo ti fẹ́ gba ti màmá mi tán nígbà tí mo rántí 2020. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún náà, jọ́nà The Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde lórí oògùn hydroxychloroquine, pé ó ń ṣe àwọn tó ní kòrónà ní jàǹbá. Wọ́n ní dátà náà wá láti ọ̀dọ̀ aláìsàn tó lé ní 96,000 ní ilé ìwòsàn 671. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá apá kan ìdánwò oògùn náà dúró nítorí rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò ti kà á, ó sì ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún kọ lẹ́tà ìta gbangba. Wọ́n fi orúkọ wọn sí i, wọ́n sì bèèrè ibi tí dátà náà ti wá. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ní ó ti Áfíríkà wá wà lára ohun tó kọ wọ́n lóminú. Ilé iṣẹ́ tó kó dátà náà jọ kò gbà kí ẹnikẹ́ni rí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fa iṣẹ́ náà padà. Èwo nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ni àwọn olùyẹ̀wò ti bèèrè tẹ́lẹ̀? Àwa ará ìta kò rí ìwé wọn kà.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ohun méjì ni mo ti ń pè ní ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n fi egúngún ṣe àpèjúwe. A kì í sọ orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, ṣùgbọ́n Alágbàáà mọ̀ ọ́n, nítorí náà bí egúngún bá ṣe àṣejù, a mọ ibi tí a ó gbà. Ohùn egúngún ńkọ́? Gbogbo ọjà ló ń gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò ayé àtijọ́ bo ojú, ó tún bo ohùn. Bíbo ohùn ni n kò rí àwíjàre fún. Bí ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò bá wà ní gbangba, ẹni tó kọ ìlà mẹ́ta ìwọ̀sí yóò tijú bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, a ó sì mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè dátà tàbí kò bèèrè.

Ti ojú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jọ́nà BMJ ní Ìlú Ọba dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999: wọ́n sọ fún àwọn olùyẹ̀wò kan pé ẹni tó kọ iṣẹ́ yóò mọ orúkọ wọn, wọn kò sì ní fi ti àwọn yòókù hàn. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe kò yàtọ̀ síra tó ohun tí à ń pariwo. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ní orúkọ wọn yóò hàn, 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ iṣẹ́ náà. 23 ni nínú àwọn yòókù. Síbẹ̀ BMJ ṣí orúkọ ní ọdún yẹn, nígbà tó sì di 2014 wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò gan-an jáde. Mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n jọ́nà ńlá ni tiwọn, olùyẹ̀wò wọn pọ̀ bí ewé. Níbi tí ènìyàn mẹ́wàá péré ti mọ iṣẹ́ kan, tí àgbà kan ṣoṣo sì lè dí gbogbo wọn lọ́nà, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n kúkú sọ pé olóòótọ́ ni òṣìkà ìlú.

Nítorí náà, èrò mi ni pé alágbára ló jẹ gbèsè orúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọdé wò kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, kó kọ orúkọ rẹ̀. Ọmọdé tó ń yẹ iṣẹ́ àgbà wò, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, kó sì bo ojú bó bá fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí olóòtú ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè ní bí àgbà nìkan bá ń fọwọ́ sí i, a ó ti mọ̀ pé ọmọdé ni ẹni tí kò fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. N kò tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi ka ohun tí wọ́n kọ sókè, bí ẹni pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó níwájú wọn. Wọ́n yọ gbólóhùn kan kúrò nítorí pé ẹnu wọn kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ti tábìlì, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọn kò fi orúkọ sí i. (Wọ́n ka àròkọ yìí kí n tó fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n yọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kúrò.)

Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, a jọ kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tún tábìlì ṣe, ó dín ìparí rẹ̀ kù, ó sì kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùyẹ̀wò Kejì. Màmá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ti kọ̀ǹpútà pa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ mìíràn tún dé, ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Mo yọjú wo ojú kọ̀ǹpútà. Wọn kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti wà nísàlẹ̀.